Ìlà Pupa Tó Gba Inú Ilé Bàṣírátù Kọjá

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì. Nọ́ńbà kan náà, ọjọ́ kan náà, máàpù kan náà. Nínú èkíní, ìlà pupa gba ẹ̀yìn ilé Alhaja Bàṣírátù kọjá, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nínú èkejì, ìlà yẹn wọlé láti ilé ìdáná, ó la pálọ̀ já, ó sì jáde lára ààrò búrẹ́dì tí ọkọ Alhaja fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ kó tó kú.

"Aago mẹ́rin òní ni katapílà ń bọ̀," ni Alhaja wí. "Òní yìí, kì í ṣe ọ̀la."

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni, ní àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Ibafo. Èmi, Kọ́púrù Adébánjí, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi, Inspẹ́kítọ̀ Ìbíwùnmí, jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ó tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọ̀nàlà ló gba iṣẹ́ títì tuntun kan tó fẹ́ gba inú àdúgbò Mowe kọjá. Wọ́n gbé máàpù títì náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlà pupa ni ojú ọ̀nà, ohunkóhun tó bá sì wà nínú rẹ̀, wíwó ni. Ọ́fíìsì wọn ní Mowe ló ń wọn ilẹ̀. Èyí tó wà ní Ifọ̀ ló ń tẹ ìwé, tó ń lu òǹtẹ̀, tó ń fi í ránṣẹ́ sí onílé. Lọ́jọ́ Ajé, awọnlẹ̀ wọn ní Mowe, Lásúnkànmí, tẹ máàpù kan fún Alhaja pé kó fọkàn balẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí ti Ifọ̀ fi dé pẹ̀lú òǹtẹ̀, pé kó kó ẹrù rẹ̀.

"Lásúnkànmí ló dalẹ̀ mi," ni Alhaja wí. "Ó fi ìwé dáadáa tù mí lójú kí n má bàa sá káàkiri, ó wá fi èyí tó burú ránṣẹ́ sí Ifọ̀. Ta ni mo ṣẹ̀? Láti ìgbà tí Mowe ti jẹ́ igbó ni mo ti ń yan búrẹ́dì níbẹ̀."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀ látàná, nígbà tí mo lọ mú Lásúnkànmí. Kí n má parọ́, mi ò fẹ́ràn awọnlẹ̀. Bàbá mi ra ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì ní Ibafo yìí kó tó di tiẹ̀.

"Mú un wá," ni ọ̀gá mi wí.

*

Lásúnkànmí jáde láti àtìmọ́lé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rún. Ó rí Alhaja, ó dọ̀bálẹ̀. Alhaja gbójú kúrò.

"Jókòó," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni, ma."

"Èyí ńkọ́?"

"Ti Ifọ̀ nìyẹn, ma. Àná tí Kọ́púrù fi hàn mí ni mo kọ́kọ́ rí i."

"Ta ló fún ẹ lówó?" Èmi ni mo béèrè, mo sì béèrè gidi.

"Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀, sà."

"Ilé Alhaja wà nínú ìlà àbí kò sí níbẹ̀?" ni ọ̀gá mi bi í.

"Kò sí níbẹ̀, ma. Èmi ni mo ri òpó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Láti ògiri Alhaja sí ìlà, mítà márùn-ún gbáko."

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí mi. "Adébánjí, bí o bá gba rìbá láti wó ilé èèyàn, ṣé wàá kọ ọ́ sínú ìwé pé kò yẹ kí wọ́n wó o, kí o tún fọwọ́ sí i, kí o sì gbé e lé onílé lọ́wọ́?"

Ìbéèrè ọ̀gá mi máa ń ní ìdáhùn nínú tẹ́lẹ̀, èèyàn á kàn dúró lásán ni.

Ó dìde, ó gbé ìwé kan lé èkejì, ó sì gbé wọn lé ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Mo sún mọ́ ọn. Ilé bọ́ sórí ilé. Mọ́ṣáláṣí bọ́ sórí mọ́ṣáláṣí, kànga ẹ̀rọ bọ́ sórí kànga ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó yẹ̀. Ìlà pupa nìkan ló di méjì.

"Mo ti rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ifọ̀ ló fa ìwé gùn," ni mo wí.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, á fa ilé gùn pẹ̀lú. Ìlà nìkan ló rìn. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹni tó ń fa ìlà."

Alhaja di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Inspẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́rin ni o."

*

Inú mọ́tò ni ọ̀gá mi ti pe máníjà Ọ̀nàlà, ó ní kó dá katapílà dúró. Máníjà ní òun kò lè dá iṣẹ́ dúró nítorí pé obìnrin kan ń sunkún. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ Ifọ̀ ló gbé katapílà jáde, ìwé tó ní òǹtẹ̀ Ifọ̀ nìkan ló sì lè dá a padà. Ó ní kí Madam máa gbádùn ọjọ́ wọn.

Jésùlayọ̀mi ló kọ sáìtì tí máàpù náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń gbé ní ìtòsí Redemption City, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Mowe, níbi tí a ti lọ bá a. Inú bí i kí a tó jókòó tán.

"Ma, wọ́n ti ní èmi ni mo gbé ìlà yẹn kúrò. Mi ò touch ẹ̀. Ẹ wò ó." Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa. Nǹkan tó wà níbẹ̀ kò yé mi, àmọ́ ó fi ìka tọ́ka sí déètì. "Oṣù kìíní ni ìgbà ìkẹyìn tẹ́nikẹ́ni yí ìlà padà. Oṣù kọkànlá la wà yìí. Ẹni tó bá wọ inú ẹ̀, orúkọ ẹ̀ á jáde."

"Ẹnìkan ò lè wọlé kó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́?" ni mo bi í.

"Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà máa burú níbi gbogbo, sà. Ẹ wo ti Mowe níbí." Ó ṣí máàpù. Ìlà pupa wà lẹ́yìn ilé Alhaja, ó jókòó jẹ́ẹ́. "Ibì kan náà ni Ifọ̀ ti ń mú tiwọn."

"Lójú ìwọ, kí ló fà á?"

"Ó lè jẹ́ pé bíráúsà wọn ti gbó ni, ma."

Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ni ohun tí èèyàn ń ṣí tó bá fẹ́ wo íńtánẹ́ẹ̀tì, pé sáìtì dà bí ìlànà oúnjẹ, bíráúsà ni alásè, alásè míì sì lè ba ọbẹ̀ jẹ́. Èyí yé mi. Àmọ́ lọ́kàn mi, mo ti mú un. Ó mọ iṣẹ́ jù, ó sì ń yára dáhùn. Ẹni tó mọ ọ̀nà à ń wọlé ló mọ ọ̀nà à ń jáde.

Ọ̀gá mi ní kí wọ́n fún òun ní rúlà.

Ó tẹ́ ìwé méjèèjì, ó wá ibi tí ìlà pupa ti ṣẹ́ kọ́nà. Ibi mẹ́ta ló wà. Kọ́nà kìíní súnmọ́ igun òsì lókè ìwé, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré sí i. Kọ́nà kejì jìnnà sí igun náà ní mẹ́sàn-án. Ìkẹta, tó wà lẹ́bàá ilé Alhaja, jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ló wá wọn bí kọ́nà kọ̀ọ̀kan ti Ifọ̀ ṣe yẹ̀ sí ti Mowe.

"Kọ nǹkan tí mo bá pè," ló wí fún mi. "Ìkíní, mìlímítà mẹ́ta. Ìkejì, mẹ́sàn-án. Ìkẹta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mo kọ ọ́. Mo wò ó. Mo tún un wò.

"Èèyàn tó bá fẹ́ fi ìlà wó ilé Alhaja," ni Inspẹ́kítọ̀ wí, "ibi ilé Alhaja ló máa fọwọ́ tì. Kí ló kàn án pẹ̀lú kọ́nà kìíní tí kò sí ilé kankan níbẹ̀? Kí ló dé tó fi tì í ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, tó tún ti ìkejì ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí kò sì ṣì í rárá? Èèyàn kì í ṣèkà pẹ̀lú ìwọ̀n báyìí. Ìlà yìí ò kúrò níbi tó wà. Ńṣe ló sanra."

Jésùlayọ̀mi sún mọ́ tábìlì. Ó ń wo rúlà.

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ma, mi ò mọ ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti dán sáìtì yẹn wò lórí oríṣiríṣi bíráúsà."

"Fi fóònù rẹ sí tòsí."

Nínú mọ́tò mo bi ọ̀gá mi bóyá ó dá ọmọbìnrin náà láre. Ó ní òun kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, a kò sì tíì gbọ́ ti Ifọ̀. Mo ní ṣé ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ni.

"Rárá. Mo mọ̀ nípa èèyàn."

*

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni a dé Ifọ̀. Ọ́fíìsì náà kò ju yàrá kan lọ. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àga méjì. Ọmọbìnrin kan tó bo orí dáadáa kúnlẹ̀ kí wa. Toyyibah ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń tẹ ìwé lọ́sàn-án. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, Bàbá Mùtàlíbù, ti lọ kí ìrun Àílà.

"Ìwọ lo tẹ èyí?" Inspẹ́kítọ̀ fi ìwé Alhaja hàn án.

"Èmi ni, ma. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Ṣé o mọ Alhaja Bàṣírátù?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, ma. Mi ò tíì dé Mowe rí."

"Ṣí máàpù."

Ó ṣí i. Ìlà pupa wà nínú pálọ̀ Alhaja níbẹ̀. Ọ̀gá mi yọ fóònù tirẹ̀, ó ṣí sáìtì kan náà. Lórí fóònù, ìlà wà lẹ́yìn ilé. A wà nínú yàrá kan náà, a ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà.

"Ṣé bíráúsà míì wà nínú kọ̀ǹpútà yìí?"

"Ó wà, ma. A kì í lò ó."

"Lò ó."

Toyyibah ṣí òmíràn. Ìlà wà lẹ́yìn ilé. Ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ìlà wà nínú pálọ̀. Ó lọ, ó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó ń sọ̀rọ̀ méjì bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n fún lówó. Mo ní kí n pe Jésùlayọ̀mi pé òótọ́ ni, alásè ló ba ọbẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ sókè.

"Irú bíráúsà yìí kan náà ló wà ní Mowe. Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn. Kò ba ọbẹ̀ jẹ́ níbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì sáìtì, àwòrán awò kékeré kan wà níbẹ̀. Kò sí lára ti kejì. "Kí nìyí?"

Toyyibah tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà kan yọ jáde: àádọ́fà.

Àádọ́fà, ìyẹn ọgọ́rùn-ún àti mẹ́wàá. Mo wo ìwọ̀n tí mo kọ sílẹ̀ ní Mowe. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀.

"Kí ni àádọ́fà túmọ̀ sí?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Bí lẹ́tà ṣe tóbi tó ni, ma. Ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wà."

"O mọ̀ pé ó tóbi?"

"Mo mọ̀, ma."

"Kí ló dé tí o ò dá a padà?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Bàbá ló gbé e síbẹ̀, ma. Kọ̀ǹpútà bàbá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ọ́fíìsì yìí ni. Báwo ni mo ṣe máa yí ohun tí àgbà gbé kalẹ̀ padà? Wọ́n á ní mo rí wọn fín."

Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Mùtàlíbù dúró sí, omi àlùwàlá ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́. Arúgbó tó mọ́ tónítóní ni, ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì.

"Èmi ni," ló wí. "Ojú mi ò mú lẹ́tà wọ̀nyẹn mọ́. Mo tẹ ibì kan, ó tóbi díẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú ń dùn yín, Bàbá?"

"Kí wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé?" Ó yíjú sí Toyyibah. "Ìwọ náà ò sì sọ fún mi pé ó ń dà ọ́ láàmú."

"Kò dà mí láàmú, sà. Ẹ ò sì bi mí."

Òwe wa ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nínú yàrá yìí, ọwọ́ ọmọdé tó pẹpẹ dáadáa. Ó kàn ká a sẹ́yìn nítorí ọ̀wọ̀ ni, ilé obìnrin kan sì fẹ́ wó nítorí rẹ̀. Inú bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.

"Dá a padà sí ọgọ́rùn-ún," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Bàbá yọ̀ǹda. Àbí, Bàbá?"

Bàbá Mùtàlíbù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Toyyibah tẹ̀ ẹ́. Ìlà pupa fò jáde nínú pálọ̀ Alhaja, ó padà sẹ́yìn ilé bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ yàrá oníyàrá.

Mo pe Jésùlayọ̀mi, mo ní kó gbé tirẹ̀ sí àádọ́fà. A gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. A gbọ́ "Yéè."

"Ẹ̀bi mi ni, ma," ló wí. "Tí èèyàn bá fẹ ojú ìwé, bíráúsà máa ń fẹ máàpù àti ìlà pa pọ̀. Èmi wá tún ní kí ìlà fẹ ara ẹ̀. Ó fẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, máàpù fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ìwé máa ń dá fífẹ̀ kan padà, ọ̀kan á ṣẹ́ kù lára ìlà. Gbogbo bíráúsà ni mo fi dán an wò. Mi ò zoom rí. Ojú mi ríran."

Wọ́n tẹ ìwé tuntun, wọ́n lu òǹtẹ̀. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú nígbà tí ọ̀gá mi tún yíjú padà.

"Bàbá, láti ìgbà wo ni ẹ ti fẹ̀ ẹ́?"

"Á tó ìgbà Iléyá."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní faìlì gbogbo ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ láti ìgbà náà. Ó fi í sí abẹ́ apá. Kò ṣí i nínú mọ́tò, èmi náà kò béèrè.

*

Katapílà ti dé ṣáájú wa. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti kó àga, bẹ́ẹ̀dì àti agolo búrẹ́dì sí ìta, Alhaja fúnra rẹ̀ sì jókòó sí ẹnu ààrò, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wó o mọ́ òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sáré, èmi tí n kì í sáré.

Awakọ̀ katapílà gba ìwé, ó wo òǹtẹ̀, ó pe máníjà. Ó gbọ́ nǹkan díẹ̀, ó ní "yes sir" lẹ́ẹ̀mẹrin, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àdúgbò dákẹ́.

Alhaja kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Inspẹ́kítọ̀ ṣàlàyé fún un nípa ìlà tó sanra, nípa ojú Bàbá Mùtàlíbù, nípa ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Alhaja ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó ń bú ara rẹ̀ pọ̀. "Mo wá ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé. Lásúnkànmí! Ẹ tú u sílẹ̀, mo tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun."

"Adébánjí máa tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí." Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣí faìlì. Ìwé inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ti fa ọ̀kan jáde. "Alhaja, ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn?"

Ó nawọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, pẹ̀lú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ọ̀pá omi kan tó nàró ní òun nìkan.

"Ìyá Dáníẹ́lì ni," ni Alhaja wí, ó ń nu ojú. "Fúnmi. Wọ́n wó tiẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Òun jẹ ojú ọ̀nà ní tiẹ̀. Ó ń búra fún gbogbo àdúgbò pé òun ò jẹ ẹ́, a ní kó lọ jókòó. Èmi gan-an mú ìwé ọwọ́ ẹ̀, mo kà á sí i létí..."

Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Inspẹ́kítọ̀. Ó wo tirẹ̀. Ó wo ọ̀pá omi yẹn.

"Kò jẹ ojú ọ̀nà?"

"Kò jẹ ẹ́, Alhaja."

"Òun àtàwọn ọmọ mẹ́ta ló sun inú ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù kan."

Awakọ̀ katapílà sọ̀kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀ níbi tí a kò ti ní rí ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀?" ni Inspẹ́kítọ̀ béèrè. "Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

Alhaja yọ fóònù láti inú ìró. Inspẹ́kítọ̀ na ọwọ́, ṣùgbọ́n Alhaja kò gbé e lé e lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ó dún títí, ó gé. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnìkan gbé e, kò sì sọ̀rọ̀.

"Ìyá Dáníẹ́lì," ni Alhaja wí. "Bàṣírátù ni. Jọ̀ọ́, má tíì gé e."